Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin HR: ṣé iṣẹ́ lẹ fẹ́ kéèyàn ṣe ni, àbí ìwé lẹ fẹ́ wò?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tẹ́ ẹ wà ní HR, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba èèyàn síṣẹ́, ní báńkì o, ní kọ́ńpìnnì o, ní ọ́fíìsì ìjọba o, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ò rọrùn, torí ẹ lè gbé ìkéde iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo síta láàárọ̀, kó tó dalẹ́ síwí á ti kún inú kọ̀ǹpútà yín bámúbámú, ẹ ò lè ka gbogbo ẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá àgbà ń pariwo pé èèyàn tóun ní kẹ́ ẹ wá dà. Mi ò wá bú yín. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba kí ẹlòmíì náà lè dá sí i.

Ìkéde kan ni ọmọ àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá, tó máa kí àlejò káàbọ̀, tó máa gbé fóònù, tó máa kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Wọ́n ní onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ní B.Sc., kó jẹ́ Second Class Upper (2:1) ó kéré tán, kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 25 lọ, kó sì ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí fún ọdún mẹ́ta. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sí pé kí ẹni tó bá ní HND, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pólì, má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú. Owó oṣù ńkọ́? 70,000 náírà, iye tí òfin ti sọ láti 2024 pé owó òṣìṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ dín sí. Ọmọ yẹn ní HND, ó sì ti jókòó sídìí irú tábìlì yẹn rí dáadáa, ó wá ń bi mí pé "Bọ̀dá, ṣé kí n ṣáà fi síwí mi ránṣẹ́?" Mo ní kó fi ránṣẹ́, kí ló máa pàdánù ju dátà lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 131, ó ní ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ, kó ṣáà ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Abala 318 tún wá là á yé wa pé ẹni tó ní ìwé mẹ́fà náà lè wọlé, tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, tó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ kún un, tó lè ka Òyìnbó, tó lè kọ ọ́, tó sì lè sọ ọ́ débi tó fi tẹ́ INEC lọ́rùn. Ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá gbogbo sójà Nàìjíríà nìyẹn o. Ẹni tó máa sọ pé "good morning sir, who are you looking for" ló wá gbọ́dọ̀ ní 2:1.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò ọdún 25 yẹn pọ̀. Ká ní ọmọ kan wọ yunifásítì ìjọba ní 2018, ọmọ ọdún 18 ni, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ló gbà. Ní 2020 àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti March títí di December, Kòrónà náà tún wà ńbẹ̀. Ní 2022 wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀, láti February títí wọ October. Ọmọ yẹn ò jáde tó bíi 2024, á tún lọ sìnrú ìlú pẹ̀lú NYSC fún ọdún kan gbáko, ìgbà tó máa fi bọ́ aṣọ káákì yẹn sílẹ̀, ó ti pé 25. Ìgbà wo ló fẹ́ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ̀ ń béèrè? Nínú oyún?

Kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, sólà àti ìnfátà ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn. Pólì ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná, HND lèmi náà ní. Èmi náà sì ń gba èèyàn síṣẹ́, tiwa ò pọ̀ bíi tiyín, ṣọ́ọ̀bù ni wa, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú ń rí tí èèyàn bá ń wá ẹni tó máa fowó lé lọ́wọ́ oṣooṣù.

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń jà lé lórí ni pé ṣé ìwé ló ń mú èèyàn là. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn òbí wa, wọ́n á ní kí lẹ tún ń béèrè, ṣé ẹ ò rójú ni. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á ní "school na scam". Wọ́n á ní ṣebí Razaq Okoya ò kàwé kọjá pírámárì, iṣẹ́ tẹ́là ló ń ṣe pẹ̀lú bàbá ẹ̀ l'Ékòó, òun náà ló wá dá Eleganza sílẹ̀ tí kúlà ẹ̀ àti àga ẹ̀ fi kún gbogbo òde àríyá nígbà kan. Wọ́n á ní Folorunso Alakija ò lọ yunifásítì, aṣọ ló ń rán kí ìjọba tó fún un níwèé àṣẹ epo ní 1993 (ìwé náà ṣì ni o, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ jù). Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ìwé á dáhùn pé MKO Abíọ́lá ńkọ́, ṣebí Glasgow ló ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, ìṣirò owó yẹn ló sì bá wọ ITT, kọ́ńpìnnì Amẹ́ríkà. Mike Adenuga ńkọ́, tó kàwé l'Amẹ́ríkà tó ń wa takisí níbẹ̀ kó lè rówó ká a. Bí wọ́n ṣe máa jà títí ilẹ̀ á fi ṣú nìyẹn, ẹnì kan ò sì ní borí, torí ẹni tó là nìkan ni wọ́n ń ka orúkọ ẹ̀. Tẹ́là tó kúrò níwèé mẹ́fà tó ṣì ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì títí dòní, ta ló ń sọ tiẹ̀? Ẹni tó gboyè tó wà nílé tó ń jẹ́ kí ìyá ẹ̀ bọ́ ọ, ta ló ń gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Facebook? Nǹkan míì tó tún yẹ kẹ́ ẹ bi àwọn "school na scam" ni pé àwọn olówó tí ò kàwé yẹn, ibo ni wọ́n rán ọmọ tiwọn lọ.

Ẹ̀rí tó ju ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ wà nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì kan, Psacharopoulos àti Patrinos, ṣàkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè tó pọ̀ gan-an, wọ́n gbé e jáde ní 2018, ohun tí wọ́n rí ni pé ká pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ kárí ayé, ọdún kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi kún ìwé kíkà máa ń fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tó ń wọlé fún un. Ìyẹn ni pé school kì í ṣe scam. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ilé wa níbí: NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣèṣirò nǹkan nílẹ̀ wa, ka àwọn tí ò níṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta kẹta ọdún 2023, gbogbo Nàìjíríà jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó kàwé kọjá girama wá jẹ́ 7.8. Àárín àwọn tó kàwé gan-an ni àìríṣẹ́ṣe ti pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ! Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti fò sókè. Ẹ rọra o. NBS ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oníṣẹ́ ni, ẹni tí ò kàwé ò sì lè jókòó máa dúró de iṣẹ́, ebi ò ní jẹ́, á gun ọ̀kadà, á ti báárò, á ta píọ̀ wọ́tà, wọ́n á sì kà á mọ́ oníṣẹ́. Ẹni tó gboyè ló lè dúró díẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un látìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi pé ọ́fíìsì ló ń lọ. Kí ló ń dúró dè? Ẹ̀yin náà ni. Ìkéde yín ló ń dúró dè.

Bọ́rọ̀ ṣe débí yìí, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1948 tí wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, òun nìkan ló wà. Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún pírámárì ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ àgbẹ̀ wọ kíláàsì rẹpẹtẹ. Nígbà tó fi máa di 1962, yunifásítì márùn-ún ló wà ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn Òyìnbó sì ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń fi àga sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan dé òmíì, àga ju ìdí lọ. Ẹni tó bá jáde ní Ìbàdàn nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ á ti máa dúró dè é, wọ́n á yá a lówó mọ́tò, wọ́n á fún un nílé ní GRA. Gbogbo àdúgbò rí i. Ohun táwọn òbí wa fojú rí nìyẹn, òun ni wọ́n gbà gbọ́, ẹ má bá wọn wí. Wọ́n rò pé ìwé ló ṣe é, wọn ò rí i pé àga tó ṣófo yẹn wà ńdìí ẹ̀. Ní báyìí yunifásítì ti lé ní igba, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ní 2025 lé ní mílíọ̀nù méjì, àga náà ò sì pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èèyàn wá pọ̀ ju àga lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá asẹ́, ìwé ló sì wà nítòsí. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ ní kẹ́ni náà ṣáà ti gboyè. Nígbà tí gbogbo èèyàn gboyè, ẹ ní 2:1. Nígbà tí 2:1 pọ̀, ẹ ní másításì. Tí gbogbo èèyàn bá wá ní másításì ńkọ́?

Ẹ ti gbàgbé 2012 ni? Dangote ń wá àwọn tó gboyè tó máa wa tírélà, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wá, ó ju ẹgbàafà ó lé ẹgbẹ̀rún lọ, ìyẹn 13,000, tó kọ̀wé sí wọn, PhD mẹ́fà wà ńbẹ̀. Ní March 15, 2014, Immigration pe àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ wá ṣèdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri ìlú, gbogbo wọn ti san ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan, èèyàn tó ju ìlàjì mílíọ̀nù lọ ló ń du iṣẹ́ tí ò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n tẹ ara wọn pa, ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin. Aboyún wà nínú àwọn tó kú. Pẹ̀lú sẹ́tífíkéètì lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ìwé bá wá di géètì báyìí, àwọn kan á lọ rọ kọ́kọ́rọ́ tiwọn. Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn kan láti Daily Nigerian sọ bóun ṣe gba oyè ọlọ́dún mẹ́rin ní yunifásítì kan ní Kútọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ti fi ìwé náà lọ sìnrú ìlú. Oṣù kejì ẹ̀, January 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè Benin (ibẹ̀ ni Kútọnù wà) àti Togo wò dúró. Gbogbo èèyàn ń bú àwọn ará Kútọnù, ó dáa, wọ́n yẹ lẹ́ni à ń bú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín o, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi lè fẹ́ ra ìwé láìfẹ́ ìmọ̀ tó wà nínú ẹ̀? Torí ó mọ̀ pé tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ìwé lẹ máa wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa bi í níbèèrè iṣẹ́ ni, tẹ́ ẹ máa ní kó ṣe é kẹ́ ẹ rí i, ta ló máa náwó sórí ìwé lásán? Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Michael Spence, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1973 pé sẹ́tífíkéètì lè jẹ́ àmì lásán tí agbanisíṣẹ́ fi ń mọ ẹni tó lè forí tì í, kódà kónítọ̀hún má kọ́ nǹkan kan tó wúlò fún iṣẹ́ náà. Wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un ní Nobel ní 2001. Àmì tí wọ́n bá sì ti ń tà lọ́jà, ẹ sọ fún mi, àmì kí ló kù.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọkùnrin kan wá wáṣẹ́ sọ́dọ̀ mi, 2:1 ló ní nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ọmọ tó dáa, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo gbé mítà fún un pé kó bá mi wo bátìrì kan bóyá ó ti kún. Ó yí mítà yẹn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi sí iná NEPA dípò iná bátìrì, ó wá ń sọ fún mi pé bátìrì náà ti kú. Bátìrì tuntun ni. Mo bi í pé ibo lẹ ti ṣe pàràtíkà, ó ní àwọn pọ̀ jù, tábìlì kan ṣoṣo làwọn máa ń yí ká, ẹni tó bá wà níwájú ló ń rí nǹkan, àwọn tó wà lẹ́yìn á da ìdáhùn kọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ rárá. Mo ní kó jókòó.

Ẹlòmíì wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, kò wọ yunifásítì, ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ títí tó fi gba fírídọ̀mù. Ẹ wo bó ṣe ń to wáyà, ẹ máa rò pé wọ́n fi rúlà fà á ni, kò sí ibi tó ń jó, kò sí ibi tó ń gbọ̀n. Òrùlé tó ga bó ṣe ga, á gùn ún bí ẹni ń lọ sí balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó sọ iye bátìrì tó máa tó ilé kan, méjì ni. Ilé ńlá, méjì. Ilé kékeré, méjì. Ó ní bí ọ̀gá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn. A wá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tó fẹ́ kí iná máa tàn láti alẹ́ mọ́jú, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: fìríìjì 150 wáàtì, fáànù méjì 140, tẹlifíṣọ̀n 100, gílóòbù mẹ́fà 60, gbogbo ẹ̀ 450. Tí wọ́n bá lò ó fún wákàtí mẹ́jọ, 3,600 ni. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12 fóltì 200 áńpì, 2,400 ló ń gbé, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń fa irú bátìrì yẹn kọjá ààbọ̀ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kú, torí náà 1,200 lẹ lè fọkàn tán. Ìyẹn mẹ́ta. Ìnfátà tó sì wà níbẹ̀, 24 fóltì ni, méjì méjì la máa ń so bátìrì mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹni tó bá fi méjì síbẹ̀, oníbàárà á padà wá kí ọdún tó yípo, á sì wá pẹ̀lú ariwo. Ọmọ 2:1 yẹn lo bíi ìṣẹ́jú kan láti ṣírò nǹkan tí mo sọ yìí, kò tiẹ̀ mú bírò.

Mo ní kí wọ́n jọ máa jáde. Ẹni tó mọ wáyà ń kọ́ ẹni tó mọ ìṣirò bí wọ́n ṣe ń lo mítà, ẹni tó mọ ìṣirò náà ń kọ́ ọ ní ìṣirò, wọ́n á máa bú ara wọn lórí òrùlé bí ìyàwó méjì (mo ti yanjú ìjà wọn títí ó ti sú mi), ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, mi ò gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé irú ìkéde tiyín ni mo gbé síta, ẹni tó mọ wáyà ò ní dé ọ̀dọ̀ mi. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn "school na scam" ni mo gbọ́ tiwọn, àwọn bátìrì yẹn á máa kú lọ ràì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ níléèwé wúlò, wúlò gan-an, ó ń bá èèyàn dé ibi tọ́wọ́ nìkan ò lè dé. Ìwé tí wọ́n kọ 2:1 sí yẹn ni ò lè sọ fún yín bóyá ìmọ̀ ọ̀hún wà ńbẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa gan-an ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́là, ẹ máa rí sẹ́tífíkéètì fírídọ̀mù ẹ̀ lára ògiri, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, fọ́tò òun àti ọ̀gá ẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó lẹ́wà, inú ẹ̀ dùn sí i, ó sì yẹ kó dùn. Ẹ ti rí oníbàárà tó dúró kà á rí? Ọrùn aṣọ tó rán kọ́ sórí háńgà ló ń wò.

Ẹ jẹ́ n wá dé orí HND yìí, torí ó ń dùn mí, mi ò sì ní purọ́ pé kò dùn mí. ND ọdún méjì, ọdún kan níbi iṣẹ́, HND ọdún méjì, ọdún márùn-ún ni wọ́n là kalẹ̀ fún wa, ọ̀pọ̀ B.Sc. jẹ́ mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà la máa dé iṣẹ́ ìjọba, tiwọn á bẹ̀rẹ̀ ní Level 8, tiwa á bẹ̀rẹ̀ ní Level 7, tá a bá wá dé Level 14 wọ́n á ní ó tán, àtẹ̀gùn parí, àfi ká lọ gba ìwé míì wá. Sẹ́nétọ̀ ti fọwọ́ sí àbá òfin ní 2021 pé kí ìyàtọ̀ yẹn kúrò. NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn pólì, wá gbé ètò ọdún kan kan jáde ní 2023 tí ẹni tó ní HND lè fi ka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú yunifásítì òkèèrè kó lè sọ ọ́ di B.Sc., ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ, owó apò ẹ̀ ni. Mo mọ àwọn tó ń dáwó jọ láti ṣe é, kì í ṣe torí pé nǹkan kan wà tí wọn ò mọ̀ nínú iṣẹ́ wọn o, torí kí kọ̀ǹpútà yín má baà ju síwí wọn nù ni. Ẹ̀yin báńkì tiẹ̀ tún ní ọgbọ́n míì, ẹ ní ẹ ò gba HND, ẹ ò gba ND, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń kà wá lówó níbi káńtà, kọ́ńpìnnì míì lẹ ní ó gbà wọ́n, "contract staff" lẹ̀ ń pè wọ́n, iṣẹ́ kan náà, owó oṣù ò jọra. Nígbà náà wọ́n mọ iṣẹ́ ọ̀hún, àbí wọn ò mọ̀ ọ́n?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù tó ga jù rí. Ilé iṣẹ́ iná kan ní North Carolina, Duke Power, kì í jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò níbi iṣẹ́ tó kéré jù. Nígbà tí òfin wá ní wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ní 1965, wọ́n ní kò burú, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ẹ̀ka míì kó mú ìwé ẹ̀rí girama wá, nígbà tó yá wọ́n ní tàbí kó yege ìdánwò. Àwọn aláwọ̀ funfun tí ò níwèé yẹn sì ti wà ní ẹ̀ka náà tipẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn láìsí wàhálà. Willie Griggs àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé wọn lọ kóòtù. Ní March 1971, gbogbo adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà, mẹ́jọ, fẹnu kò pé ohun tí ilé iṣẹ́ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, tó bá ti lè ti àwọn kan sẹ́yìn báyìí, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni tiwọn, tiwa yàtọ̀, a ò sì ní irú òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè adájọ́ yẹn ni mo fẹ́ yá lò: kí ni 2:1 fẹ́ ṣe nídìí fóònù tí ẹnì kan fẹ́ máa gbé?

2:1 tẹ́ ẹ dì mú gírígírí yìí, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti kó o wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín ti ń fi í sílẹ̀. EY ní ìlú ọba, ilé iṣẹ́ ìṣirò owó ńlá kan, yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè ní 2015, PwC tóun náà jẹ́ irú ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, àwọn náà ṣì ń gba ọmọ tó mọ̀wé, ìdánwò tiwọn ni wọ́n ń ṣe fún wọn. Àwọn tó kọ́ wa ní nǹkan ti jù ú nù, àwa ṣì ń fi epo pa á.

Mi ò ní kẹ́ ẹ gba ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti yọjú o. Dókítà tó máa là mí níkùn, mo fẹ́ rí ìwé ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ẹni tó máa po oògùn, ẹni tó máa ya ilé alájà, ẹni tó máa wa bàálù, ẹ béèrè ìwé wọn, ẹ tún pe ilé ìwé wọn lórí fóònù. Iṣẹ́ tí àṣìṣe ẹ̀ lè pa èèyàn ni mò ń sọ yẹn. Èyí tó kù, tó jẹ́ títà, kíkà, títẹ̀, kíkí àlejò, títọ́jú ọjà, àtúnṣe ẹ̀rọ, kí lẹ fẹ́ fi 2:1 ṣe ńbẹ̀?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, ẹ máa ní síwí pọ̀ jù, ẹ gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi dín in kù. Òótọ́ ni. Ẹ wá fi iṣẹ́ náà gan-an dín in kù. Ẹ ní ẹ̀ ń wá ẹni tó máa gbé fóònù, ẹ ní kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé oníbàárà kan ń bínú, kí wọ́n dá a lóhùn. Ẹ máa rí i bí ọ̀pọ̀ á ṣe fúnra wọn yọ kúrò, àwọn tó kù lẹ máa pè. Ẹ ní ẹ̀ ń wá ẹni tó máa ṣe àkáǹtì, ẹ fún un ní ìwé owó oṣù kan tẹ́ ẹ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe mẹ́ta sínú ẹ̀, kó wá wọn jáde. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò. Ẹ kọ owó oṣù síta kí ọmọ ọlọ́mọ má wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìkẹjà kó tó mọ̀ pé owó tẹ́ ẹ máa san ò tó owó mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá sì ti ní iṣẹ́ tó dọ́gba fún ẹni tó ní HND, ẹ kọ "HND tàbí B.Sc." síbẹ̀, kò gba ìwé kíkọ sí Àbújá, ọ̀rọ̀ méjì lẹ máa fi kún un.

Ilé iṣẹ́ tó gbé ìkéde tí mo sọ lókè yẹn jáde, mi ò ní dárúkọ yín, ẹ mọ ara yín. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ìkéde náà ṣì wà níta, ẹ ò tíì rí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ọmọ àbúrò mi ti fi síwí ẹ̀ ránṣẹ́, nọ́ńbà ẹ̀ wà ńbẹ̀. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá èèyàn lóhùn.

Èmi ni,
onísólà kan n'Ìbàdàn, HND.